Ìwúre Onígbàgbọ́ fún Ìlú Ìbàdàn àti Àwọn Aláṣẹ Rẹ̀

Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, Ọba tó ń fi ọba jẹ, ìwọ tí gbogbo àṣẹ ayé ti ọwọ́ rẹ wá, a júbà. Bódìjà kúnlẹ̀, Àgbowó kúnlẹ̀, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge dọ̀bálẹ̀. Baba, dákun gbọ́ tiwa.

A dúpẹ́ fún oore tí o gba ọwọ́ ìjọba ṣe wá. Owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ fi òógùn ojú wá wà lára ohun tó gbé Cocoa House, ilé alájà 26, dúró ní Dùgbẹ̀ ní ọdún 1965. Owó ará ìlú tí aláṣẹ bá ná tọkàntọkàn a máa ṣe ọmọ tí a kò tíì bí láǹfààní. Jésù Kristi pàápàá san owó tẹ́ńpìlì. Nítorí náà, fún wa lọ́kàn láti san owó orí wa láìparọ́. Má jẹ́ kí oníṣòwò tó ń dá ìdámẹ́wàá ní ìjọ máa fi ìṣirò èké rẹ́ ìjọba jẹ.

Baba, a rántí alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024, tí ohun abúgbàmù dún ní Bódìjà, tí ilé wó, tí ẹ̀mí ṣòfò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ sáàárín ilé àwọn èèyàn. Tu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Fọwọ́ ìwòsàn kan àwọn tí ara wọn kò tíì bọ̀ sípò. A rántí ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980 náà, tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, tó gbé ìyá, tó gbé ọmọ. Ìdọ̀tí tí a dà sódò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó sọ òjò di ọ̀fọ̀. Olúwa, là wá lóye pé bí a bá tẹ òfin lójú, ará ilé kejì ni ìyà rẹ̀ lè jẹ. Sọ ìgbọràn wa di ìfẹ́ ọmọnìkejì.

Kí awakọ̀ tó kọ orúkọ Jésù sára ọkọ̀ dúró fún iná pupa ní Challenge, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wò ó. Kí ìjọ tó ń ṣe àìsùn ní Àgbowó rántí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò lọ́la àti aláìsàn tó ń wá oorun, kí wọ́n dín ariwo gbohùngbohùn kù. Etí rẹ kò di, Baba; o ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́.

Gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ṣe kọ́ Tímótì, a gbé gómìnà, àwọn aṣòfin, àwọn adájọ́, àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ọlọ́pàá tó dúró sóòrùn ní Ring Road lé ọ lọ́wọ́. Rán wọn létí pé ìránṣẹ́ ni wọ́n. Aláṣẹ tó bá ń jẹ oúnjẹ òtòṣì, yí i lọ́kàn padà; bó bá kọ̀, fi ẹni rere rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni Ọlọ́run. Bí aláṣẹ bá ní kí a yí ìbò, kí a jẹ́rìí èké, kí a fìyà jẹ aláìṣẹ̀, fún wa ní ìgboyà Pétérù níwájú ìgbìmọ̀ Jerúsálẹ́mù. Ní 1932, ìjọba amúnisìn rán oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àjẹ́. Ó ṣẹ̀wọ̀n náà, ó jáde, ó tún ń wàásù. Nígbà tó di 1943, ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) tí iṣẹ́ rẹ̀ ràn lọ́wọ́ láti dìde forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kan náà bí òfin ṣe wí. Fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ jíǹkí wa, ọkàn tó lè jìyà nítorí ìgbàgbọ́ láìdi ọlọ̀tẹ̀, tó sì lè gbọ́ràn láìdi ẹrú.

Ẹ̀yin ará, ẹ gba ìre yín. Ẹ ò ní kọ́lé sójú omi, omi ò ní gbé yín lọ. Ẹ ò ní san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó rí ẹ̀tọ́ yín gbà. Wọn ò ní mú yín fún ohun tí ẹ ò ṣe. Ọ̀nà tí ẹ bá bá jáde láàárọ̀, ẹ ó bá a wọlé ní àlàáfíà. Ìbàdàn á tùbà, á tùṣẹ. Ìlú ò ní gbóná mọ́ yín. Ẹ ó jẹ́ ọmọ ìlú tí aláṣẹ lè fọkàn tán, ẹ ó sì jẹ́ ọmọ Ọlọ́run tí aláṣẹ kankan kò lè fowó rà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, àṣẹ.