Fífi Agbára Lé Ẹlòmíràn Lọ́wọ́ Kí Ọjọ́ Àìlera Tó Dé

Ibi Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 24:1-9, I Ọba 1:1-31, Jòhánù 19:25-27

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ bóyá ó tọ́ kí onígbàgbọ́ pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò ní lè dá pinnu fún ara rẹ̀, kí a sì mọ ojúṣe ẹni tí a bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé kí a yan ẹni tí yóò máa bójú tó owó àti ilé wa bí ó bá di ọjọ́ kan tí ọkàn wa kò já gaara mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àdúrà rere ni, àwa náà sì ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwé Oníwàásù, ní orí kejìlá, kò sì fi í pa mọ́ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ojú yóò ṣókùnkùn, tí ara yóò sì máa gbọ̀n.

Kí a má ṣe rò pé àrùn òyìnbó nìkan ni. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá tí wọ́n ti pé 65 ọdún ní Ìbàdàn, àti láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé, nínú 100 àgbàlagbà, àrùn tó ń mú ni ṣarán máa ń bẹ̀rẹ̀ lára bíi 3 lọ́dọọdún ní Indianapolis, ṣùgbọ́n lára bíi 1 ní Ìbàdàn. Kí a dúpẹ́ pé tiwa kéré. Ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tó lè sọ pé kò lè kan òun. Àrùn rọpárọsẹ̀ àti ìjàǹbá ọkọ̀ kò tilẹ̀ ń dúró de ọjọ́ ogbó.

Nítorí náà, ìbéèrè wa lónìí ni èyí: ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí a pèsè sílẹ̀, tàbí ìfẹ́ ni?

I. NÍGBÀ TÍ ẸNI TÓ NÍ Ọ̀RỌ̀ KÒ BÁ SỌ̀RỌ̀ (I Ọba 1)

Dáfídì ti gbó, aṣọ kò mú ara rẹ̀ móoru mọ́. Ó ti búra fún Bátíṣébà pé Sólómọ́nì ni yóò jọba, ṣùgbọ́n kò tíì kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni Àdóníjà ti dìde, tí ó kó kẹ̀kẹ́ ẹṣin jọ, tí ó sì pe àsè. Jóábù tẹ̀ lé e, Ábíátárì àlùfáà náà tẹ̀ lé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé Dáfídì kò ṣe aláìnígbàgbọ́. Ohun tó kù sí i ni pé kò sọ̀rọ̀ ní gbangba nígbà tí ara ṣì le. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé Nátánì tètè rán Bátíṣébà wọlé, àti pé ọkàn ọba ṣì mọ́lẹ̀ tó láti pàṣẹ. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni, ta ni ì bá mọ ohun tí ọba fẹ́?

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia. Abala 145 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ti là á sílẹ̀ pé kí Ààrẹ kọ lẹ́tà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bí kò bá ní lè ṣiṣẹ́, kí igbákejì rẹ̀ lè di adelé. Lẹ́tà náà kò dé. Ìlú dàrú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí di ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2010, nígbà tí àwọn aṣòfin fi ìpinnu ara wọn sọ Goodluck Jonathan di adelé Ààrẹ. Ààrẹ Yar'Adua kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ní 2010 kan náà ni wọ́n tún òfin náà ṣe pé, bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí lẹ́tà, àwọn aṣòfin lè fi iṣẹ́ lé igbákejì lọ́wọ́. Nígbà tí Ààrẹ Buhari náà fẹ́ lọ gba ìtọ́jú ní 2017, ó kọ lẹ́tà ní oṣù Kìíní àti ní oṣù Karùn-ún, Yemi Osinbajo sì di iṣẹ́ mú títí ó fi dé. Àìsàn wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Lẹ́tà ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ìlú bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ilé? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan wà ní Mushin, tí ó ń tajà ní Ojúwòyè, tí ó ní ilé oníyàrá mẹ́jọ àti owó ní báńkì. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lójijì, wọ́n gbé e lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè tọwọ́ bọ̀wé. Owó ìtọ́jú rẹ̀ wà ní báńkì, ṣùgbọ́n báńkì kò lè gbé owó rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Àkọ́bí obìnrin mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM rẹ̀, ó ń fa owó díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ kejì ní kí wọ́n ta ilé. Kò sí olè nínú wọn. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ìyá yìí. Síbẹ̀, kí oṣù kẹta tó pé, wọn kò bá ara wọn jẹun mọ́, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ìyá fẹ́ láti ẹnu rẹ̀.

II. OHUN TÍ ÌWÉ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ìwé kan wà tí a fi ń yan ẹlòmíràn láti ṣe nǹkan ní orúkọ wa: kí ó gba owó ilé, kí ó san owó, kí ó bá wa tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní power of attorney. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìwé aṣojú. Ó yẹ kí a mọ nǹkan mẹ́ta nípa rẹ̀.

Èkíní, ìwé aṣojú kì í sọ aṣojú di onílé. Ní 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé ìwé tí a fi ń rán ni níṣẹ́ ni, kì í ṣe ìwé tí ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Èkejì, nínú òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwé aṣojú lásán máa ń kú bí ẹni tó kọ ọ́ bá kú, tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú tí kò lè pinnu mọ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu: ọjọ́ tí a rò pé ìwé náà yóò wúlò jù gan-an ni ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń pin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe òfin ní 1985 kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè lẹ́yìn tí ọkàn bá dàrú. Láti 2007, ẹ̀yà tuntun rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan fún owó àti ohun ìní, ọ̀kan fún ìlera. Nítorí náà, bí ọmọ wa tó wà ní Peckham bá sọ fún wa pé òun ti ṣe tirẹ̀, kí a má ṣe rò pé ìwé lásán tí a tẹ̀ ní Yábàá yóò ṣiṣẹ́ bákan náà.

Ẹ̀kẹta, ìwé ìhágún kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí a ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn ikú ni ẹnu rẹ̀ ń là.

Kí ni ká ṣe nígbà náà? Bí ara bá kọ̀ ṣùgbọ́n tí ọkàn ṣì mọ́lẹ̀, ìwé aṣojú wúlò púpọ̀. Fún ọjọ́ tí ọkàn lè dàrú, ẹni tó ní ilé tàbí owó tó pọ̀ lè bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ nípa fífi ohun ìní náà sí ìkáwọ́ àwọn ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí òfin ń pè ní trustee. Àìsàn ẹni náà kì í pa agbára tiwọn. Bí a kò bá ṣe nǹkan kan, ó lè di dandan kí ẹbí tọ ilé-ẹjọ́ lọ, èyí tí ń ná ni lówó àti ní àkókò. Bí ìyá tàbí bàbá wa kò bá lè ka èdè tí a fi kọ ìwé, kí a rí i pé a kà á fún wọn, a túmọ̀ rẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé a ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ka. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé béèrè èyí, ìfẹ́ pẹ̀lú sì béèrè rẹ̀.

III. TA NI KÍ A YÀN? (Jẹ́nẹ́sísì 24; Jòhánù 19)

Nígbà tí Ábúráhámù rán ìránṣẹ́ rẹ̀, kò kàn sọ pé kí ó lọ ṣe bí ó ti rí i. Ó sọ ohun tí yóò ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ó mú un búra. Ó tilẹ̀ sọ ìgbà tí ìbúra náà yóò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wo ìránṣẹ́ náà pẹ̀lú: ó gbàdúrà lójú ọ̀nà, kò sì jẹun nílé Lábánì títí ó fi sọ iṣẹ́ tí a rán an. Ó kọ́kọ́ sọ pé ìránṣẹ́ Ábúráhámù ni òun. Àpẹẹrẹ aṣojú rere nìyí. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Olúwa wa, lórí àgbélébùú, fi ìyá rẹ̀ lé ọmọ-ẹ̀yìn tí ó dúró nítòsí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ní àwọn arákùnrin. Kò dúró di ìgbà tí ohùn rẹ̀ yóò pin, kò sì sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Nínú àṣà wa, ojú àkọ́bí ni a kọ́kọ́ ń wò, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó dúró nítòsí? Ta ni ó ṣe é fọkàn tán nínú ohun kékeré?

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Bí mo bá fún un lágbára, tí ó bá kó mi jẹ ńkọ́?" Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ojú Ísáákì ti ṣú nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ tàn án jẹ. Kò sí ìwé tó lè wo ọkàn búburú sàn. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí a yan ju ẹnìkan lọ, kí gbogbo ọmọ mọ̀, kí àgbà ìjọ kan tàbí méjì ṣe ẹlẹ́rìí, kí aṣojú sì máa kọ ìṣirò owó sílẹ̀ lóṣooṣù. Kí ó má ṣe da owó náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Kí ó sì máa bi aláìsàn náà léèrè ohun tó ń fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì lè mi orí, nítorí ènìyàn ni ó ṣì jẹ́ níwájú Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìbẹ̀rù bojú. Nígbà mìíràn, ohun tí a ń pè ní ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ọwọ́ tí kò fẹ́ tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ni ó ni òun lè fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó sì sùn. Ẹni tí a sì fi lé lọ́wọ́ yóò rántí pé kọ́kọ́rọ́ ni a fún òun, a kò fún òun ní ilé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run àti kíkọ̀ láti ronú nípa ọjọ́ àìlera?
2. Ọmọ tó ń fi káàdì ìyá rẹ̀ fa owó ìtọ́jú láìsọ fún àwọn àbúrò rẹ̀, ṣé ó ṣe dáadáa? Kí ni ì bá ṣe?
3. Bí ìyàwó àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ bá ń jà lórí ìtọ́jú ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, báwo ni ìjọ ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa pe ẹnìkan nínú ilé rẹ̀ jókòó, kí ó sì sọ ohun kan tí ó fẹ́ kí a ṣe fún un bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.