A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìbéèrè tí òwe yìí gbé ka iwájú wa ni èyí: bí ohun kan bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì ń lò ó lójoojúmọ́, ta ni ó ní àṣẹ láti yí i padà? Àkọtọ́ èdè Yorùbá ni a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìpàdé tí àwọn ajíhìnrere C.M.S. ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ àtijọ́ múlẹ̀. Òun ni àwọn baba wa fi ka Bíbélì. Òun náà ni D. O. Fágúnwà fi kọ ìwé *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí ó jáde ní 1938. Nígbà tí ó di 1974, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. ‘Aiye’ di ‘ayé’, ‘enia’ di ‘ènìyàn’, ‘nwọn’ di ‘wọ́n’.

Kò sí àní-àní pé ìdí wà fún un. ‘Aiye’ ní lẹ́tà tí a kò gbọ́ ìró rẹ̀. ‘Enia’ sì fi ìró tí a ń gbọ́ pa mọ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn àkọtọ́ ní 1965. Síbẹ̀, àwọn tí ó fi ti àtijọ́ mọ̀wé kò gbà wẹ́rẹ́. Títí di òní, àwọn mìíràn ń kọ ‘Ilesha’ àti ‘Oshogbo’. Àwọn kan pe èyí ní agídí. Èrò tiwa ni pé ohun tí ó ti mọ́ni lọ́wọ́ ti di ara ẹni. Ẹni tí a bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba ológun fi orúkọ rẹ̀ sọ Yunifásítì Ifẹ̀. Orúkọ tuntun wà lórí ìwé ẹ̀rí. ‘Great Ife’ kò sì kúrò lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A kì í fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí èyí tí ó bá pè, orúkọ méjèèjì sì jọ ń gbé ní ìrọ̀rùn.

Ti gbọ̀ngàn ìdánwò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí bàbá àgbà fi Bíbélì kọ́ ní ìwé kíkà lè pàdánù máàkì lórí ‘enia’. Ẹni tí ó ṣe ìpinnu kò san nǹkan kan. Ẹni tí a kò bi léèrè ni ó ń san gbèsè. Níhìn-ín ni àìtọ́ wà, kì í ṣe nínú ìyípadà fúnra rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ǹjẹ́ a ó máa dúró de gbogbo ayé kí a tó tún nǹkan ṣe? Rárá o. Àkọtọ́ ti 1875 pàápàá jẹ́ tuntun nígbà kan rí, ìráhùn nìkan kò sì lè sọ àṣìṣe di òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yí ohun gbogbogbòò padà jẹ àwọn tí ń lò ó ní gbèsè mẹ́ta: kí ó bi wọ́n, kí ó ṣàlàyé fún wọn, kí ó sì fún wọn ní àkókò. Olùkọ́ tí ó kàn fa ìlà pupa sí abẹ́ ‘enia’ kò tíì san gbèsè yìí; èyí tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí san án.