Ṣé A Lè Bọ́ Ohun Tí A Rà?



Ọmọ awo wa kan wá bá wa láìpẹ́. Ó ti rí Porsche 911 kan, àlòkù ọdún 2002, ó sì fẹ́ kí a bọ Ògún fún un lọ́jọ́ tó bá gbé e délé. A bi í pé, “Ṣé o lè bọ́ ọ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ mi.” Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí a kọ èyí.

A kò sọ pé ó burú kí olórìṣà fẹ́ ohun tó dára. Ògún ló ni irin. Ṣùgbọ́n owó rírà yàtọ̀ sí owó bíbọ́.

Iye ọkọ̀ olówó ńlá sábà máa ń já kíákíá lọ́dún mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló ru àdánù yẹn. Àwa tí a rà á lẹ́yìn rẹ̀ á rò pé èrè ni. Bí ọkọ̀ $80,000 bá di $25,000, táyà àti bíréèkì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọkọ̀ $80,000. Ọ́ìlì tí 911 ìgbà yẹn ń gbà lé ní lítà 7. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju tiwájú lọ, a kò lè pààrọ̀ àyè wọn kí wọ́n lè jọ gbó. Bearing IMS wà nínú ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá fọ́ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá.

Àwọn kan á ní òrìṣà tó pèsè ọkọ̀ á pèsè owó ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ọjọ́ tí a gba òrìṣà sílé, ṣé ọjọ́ náà ni iṣẹ́ parí? Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà ti jìn sí kòtò yìí rí. A ra ọkọ̀ eré kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Owó tí ilé dá fún ọdún Ògún ni a fi tún un ṣe, a ní a ó dá a padà kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ pé, owó kò pé. Àkùkọ kan ṣoṣo ni a fi bọ Ògún lọ́dún náà. Àwọn ọmọ ilé kò mọ ìdí rẹ̀, a sì dákẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ tà á, ẹni tó wá rà á béèrè bóyá ó ti ṣàìsàn rí. Irọ́ ti dé ẹnu wa. Ṣùgbọ́n irin ni àwa olórìṣà fi ń búra. A sọ gbogbo rẹ̀. Ó gé owó náà gan-an. Èyí tó kù ni a kó fún ilé, a sì jẹ́wọ́ fún wọn. Ìjẹ́wọ́ yẹn nira ju àdánù lọ.

Nítorí náà, a ní kí ọmọ awo wa kọ ọ́ sílẹ̀: ìnṣọ́ránsì, táyà, ọ́ìlì, àti owó àtúnṣe ńlá kan tí yóò wà nípamọ́. Bí kò bá sí èyí tó kan owó ìyá rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí ti ilé, kó rà á, kó gbádùn rẹ̀. A ó bọ Ògún fún un tayọ̀tayọ̀. Bó bá kàn án, kó fi sílẹ̀ fún ẹni tó lè bọ́ ọ.

Ó ti lọ ṣírò. Kí Ògún ṣọ́ ọ̀nà wa. Àṣẹ.