Wèrè Tí Ó Wọ Ọjà

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣe é wò mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí aláìsàn bá ṣì wà nínú ilé tàbí ní àgbàlá oníṣègùn, ìrètí wà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ọjà, tí olùtà àti olùrà sì rí i, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé a jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn a sì gbà pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé: kí ni ó wà ní ọjà tí ó lè sọ àìsàn di aláìgbóògùn? Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ọjà, kì í sì í ṣe ariwo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ní ọjọ́ náà ni pé àṣírí tú. Àìsàn náà kò le ju ti àná lọ. Ojú ni ó ń ti àwọn ará ilé. Ó jọ pé nígbà tí a bá ń sọ pé wèrè kò ṣe é wò mọ́, ohun tí a ń sọ ní ti gidi ni pé ó ti rẹ àwọn tí ìbá wò ó.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ńlá kan jẹ yọ. Kí ni kí a wí nípa ọmọ tí ó jẹ́ pé inú ọjà gan-an ni ó ń sùn, tí ó ń jí, kí àìsàn tó bá a níbẹ̀? Kò sí ilé tí ó ti jáde wá. Ọjà ni ilé rẹ̀. Ta ni ó jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gbèsè ìwòsàn?

Ibi tí ìbéèrè yìí ti hàn gbangba ni ọjà Makola, ní àárín gbùngbùn Accra, olú-ìlú Gáánà. Ní 1924 ni a kọ́ ọjà náà. Ọjà Gáánà kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé àwọn oníṣòwò láti Ogbomọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ti ná an fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Nínú àwọn tí ó di ẹrù wọn nígbà náà, àwọn ọmọ wà tí a bí sí Gáánà, tí wọn kò mọ ìlú tí a ń pè ní ìlú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979 àwọn ọmọ-ogun wó Makola Kìíní palẹ̀. Síbẹ̀ ọjà kò kú. Òwò ṣì ń gbóná ní Makola títí di òní olónìí.

Nínú ọjà yìí ni àwọn alábàárù tí a ń pè ní kayayei wà. Èdè 2 ni ó pàdé nínú orúkọ náà: kaya ni ẹrù ní èdè Hausa, yei sì ni àwọn obìnrin ní èdè Gã. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí ó ti apá àríwá Gáánà wá, àwọn mìíràn kò sì tí ì pé ọdún 18. Ọpọ́n páànù ńlá ni ohun èlò wọn. Orí wọn ni ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn kan a tẹ́ páálí sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ru ẹrù fún ní ọ̀sán, wọn a sì sùn síbẹ̀. Ebi ni ó lé ẹlòmíràn wá. Ẹlòmíràn sá fún ọkọ tí a fẹ́ fi í fún ní tipátipá. Ẹlòmíràn sì wá kó owó jọ láti ra ìkòkò àti aṣọ tí yóò gbé lọ sí ilé ọkọ. Títí di 2017, agbowó ọjà a máa gba owó lọ́wọ́ wọn. Ọdún náà ni ìjọba Gáánà kéde pé òun ti fagi lé e. Ẹni tí ọjà lè dá mọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún ọjà láti dá a mọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ká ní ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 15, kò rí oorun sùn mọ́. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ní ọjọ́ kan ó sọ ẹrù oníbàárà kalẹ̀ ní àárín ọ̀nà, ó sì ń bá ara rẹ̀ jà. Àwọn èrò yóò pagbo, àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí ní ọmọ. Ẹni tí ó bí èyí ní ọmọ kò sí nítòsí. Ilé rẹ̀ jìnnà ní ìrìn odindi ọjọ́ kan, bóyá kò sì gbọ́. Àwọn tí ó wà nítòsí ni àwọn tí ó ru ẹrù fún ní àná.

Kò jìnnà sí Makola ni ilé ìwòsàn àwọn alárùn-ọpọlọ ti Accra wà, èyí tí a ṣí ní 1906. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àdúgbò kan nítòsí rẹ̀ fi ń jẹ́ Asylum Down títí di òní. Ní 1907 ni a ṣí irú rẹ̀ sí Yábàá ní Èkó. Ohun tí ìjọba amúnisìn ní lọ́kàn nígbà náà ni láti kó wèrè kúrò ní ìgboro kí ìgboro lè rójú. Ìgboro ni ó rí ìtọ́jú gbà ju aláìsàn lọ. Lónìí, àwọn dókítà mọ ohun tí ó dára ju ìyẹn lọ. Ìwòsàn ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú ní ìpele. Nígbà tí àìsàn bá dé góńgó, ó yẹ kí ó wà níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kí ó má baà pa ara rẹ̀ lára, kí dókítà sì fún un ní oògùn tí yóò dá oorun àti ìbàlẹ̀ ọkàn padà. Bí ara bá ti ń rọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni ó kàn: a ó jókòó tì í, a ó fi èdè tí ó gbọ́ bá a sọ̀rọ̀, a ó sì wádìí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa ti ilé wá gba ìtọ́jú, tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ wò, títí yóò fi padà sí ẹnu iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Bí a bá wo ìpele 3 wọ̀nyí, dókítà àti nọ́ọ̀sì lè dá ṣe èkíní. Èkejì yóò nira bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ìtàn ọmọ náà. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ṣe é bẹ̀rẹ̀ bí kò bá sí ilé tí yóò padà sí.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan rí òtítọ́ yìí, ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, padà wá sí ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954. Kò dúró de ìgbà tí a ó kọ́ odi àti wọ́ọ̀dù tán. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Òfin kan ni ó wà: aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹbí kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn. Bí ó bá yá, wọn a padà sí abúlé, níbi tí iṣẹ́ oko, eré àti ọdún ìbílẹ̀ ń lọ bí ìṣe. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó ń da ọkàn àwọn ènìyàn wọn láàmú. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ṣe ìwádìí ní ìlú 9 lórí ọ̀kan nínú àwọn àrùn ọpọlọ tí ó le jù lọ, Ìbàdàn wà nínú wọn. Wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà sàn ju àwọn ti ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń nawọ́ sí ìdílé tí kì í jọ̀wọ́ ẹni.

Níhìn-ín ni ọmọ Makola ti fi ọ̀rọ̀ dí wa lọ́nà. Bí ìwòsàn bá ń fẹ́ ẹbí, kí ni ti ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí? Ìdáhùn tí ó yá ni pé kí a dá a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ó dára bí ilé bá dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sá fún ọkọ àfipáfẹ́, a kò lè dá a padà sí ẹnu ohun tí ó bà á ní ọkàn jẹ́, kí a sì pe èyíinì ní ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹbí. Àwọn baba wa ti wí i pé ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Wọn kò sọ pé kí igba ojú náà jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo.

Oníṣòwò kan lè dáhùn pé, “Mo san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, n kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí dàbí òtítọ́, nítorí pé owó iṣẹ́ ni gbèsè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ìdí tí owó náà fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyá ọmọ náà bá wà nítòsí tí ó lè sọ pé, “Èyí wúwo jù, ẹ fi owó kún un,” ẹrù náà kò ní rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Àìní ẹbí ọmọ náà wà lára èrè tí ọjà ń jẹ. Ẹni tí ó bá sì ń jẹ èrè àìní ẹbí ọmọ, òun ni ó yẹ kí ó ṣe ẹbí fún un ní ọjọ́ ìṣòro. Èyí kò kọjá agbára Makola. Oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni ó ní obìnrin tí ó jẹ́ olórí wọn, bí ìyálọ́jà ti rí láàárín Yorùbá. Àwọn ni ó ń parí ìjà, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn wọn lọ síbi ìsìnkú. Ẹgbẹ́ tí ó lè yan ẹni tí yóò tẹ̀lé òkú, ó lè yan ẹni tí yóò tẹ̀lé ààyè.

Kí a má sì ṣàṣìṣe: àtẹ̀lé láìsí ìmọ̀ léwu. Ní 2012 àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ibùdó àdúrà kan ní Gáánà níbi tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so aláìsàn mọ́ igi. Ẹbí wọn ni ó mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Ọdún náà gan-an ni Gáánà ṣe òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ní 2023 ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwà ọ̀daràn pé ẹnìkan gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 bákan náà ni Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tiwa. Òfin ti la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè di ọmọ ní ọwọ́ mú rin ọ̀nà náà.

Olùkọ́ tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti ọjà nìkan, kí ó wo kíláàsì rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀kan nínú ọmọ 7 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 10 sí 19 ni ó ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn ní orí wọn, tí wọ́n bá sì ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò yé wọn. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pè é. Irú wọn kò tí ì tán. Yorùbá mọ ẹni tí a ń pè ní wèrè aláṣọ: ó wọ aṣọ tí ó mọ́, kò ju òkúta, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fura. Ọmọ tí ó ń dáhùn ìbéèrè tẹ́lẹ̀ rí, tí ó wá dákẹ́. Èyí tí ó ń sùn ní kíláàsì nítorí pé kò sùn ní òru. Èyí tí ó ń fi oògùn olóró pa ìrònú rẹ́: pàṣán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí gbà.

Ọjà wà ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pagbo yí i ká, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ní ọjọ́ náà ni ó wọ ọjà. A kò retí pé kí olùkọ́ di dókítà. Ohun tí a retí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó tú agbo náà ká, kí ó pe àwọn òbí láìfi ìtìjú kún ti wọn, kí ó mọ ibi tí ilé ìwòsàn wà, bí òbí kò bá sì sí, kí ó bá ọmọ náà lọ. Nígbà tí ọmọ bá sì ti ilé ìwòsàn dé, kí ó bá àga rẹ̀ níbi tí ó fi í sí, kí a pe orúkọ rẹ̀ bí a ti ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fún un ní orúkọ tuntun.

Àwọn àgbà kò purọ́. Wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó wọ ọjà tí kò sì padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò rí èyí tí ìyá, ọ̀gá tàbí olùkọ́ rẹ̀ wọ ọjà tẹ̀lé, tí ó dì í ní ọwọ́ mú ní ojú gbogbo ènìyàn, tí ó sì wí pé, “Tiwa ni.” Irú ìyẹn ṣọ̀wọ́n ní ayé wọn. Kò yẹ kí ó ṣọ̀wọ́n ní ayé tiwa.