Ta Ni Ń Bi Olùtọ́jú Léèrè?

Nínú èdè wa, ó ṣòro láti rí ipò tí ènìyàn lè wà tí a kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tó ń náwó. Bí a bá sì wọ agboolé tí àgbàlagbà ti dùbúlẹ̀ àìsàn, a ó kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé: «Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìrọ́jú o.» Òun náà á dáhùn pé: «A dúpẹ́.» A ó wọlé lọ wo aláìsàn, a ó sì padà sí ilé wa. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí a kí pé ó kú ìrọ́jú, ǹjẹ́ a ti bi í rí bóyá ó ṣì lè rọ́jú?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tó lè wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá. Ọmọ márùn-ún ni ó bí: ọ̀kan wà ní Kùtọnu, ọ̀kan wà ní Èkó, méjì wà ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọbìnrin tó kù nílé ni ó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, tó ń yí i padà lórí ibùsùn ní òru kí egbò má baà dá sí i lára. Ó ti fi ọjà tó ń tà sílẹ̀. Àwọn yòókù ń fi owó oògùn ránṣẹ́, wọ́n sì ń pe fóònù ní alaalẹ́: «Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹun? Ṣé wọ́n lo oògùn?» Bí ó bá ti dáhùn tán, ọ̀rọ̀ parí. Wọn kì í ṣe ọmọ burúkú. Àmọ́ owó kì í yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn ènìyàn kan ni ó ń ṣe é.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ohun tó yẹ kí a bi í. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Gbèsè ni ó ń san; bí a bá ń bi í pé kí ni ó fẹ́, a ti sọ ìfẹ́ di òwò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, nítorí kò sí ẹni nínú wa tó fẹ́ kí a máa ka iye abọ́ oúnjẹ tí ọmọ gbé fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbèsè, gbèsè ọmọ márùn-ún ni. Ẹni tó ń san án fún ẹni márùn-ún, àwọn mẹ́rin yòókù jẹ ẹ́ ní gbèsè. Òwe náà pàápàá sì ní apá kejì tí a kì í sọ: òkété tí kò jẹun, kí ni ìyá rẹ̀ yóò rí mu lọ́mú rẹ̀?

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mo ń sọ. Bí obìnrin bá bímọ láàárín wa, a kì í sọ fún un pé: «Ọmọ rẹ ni, rọ́jú.» Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á wá bá a gbé, á wẹ ọmọ, á gbé omi kaná, á se ọbẹ̀, á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sùn. Kò sí ẹni tó ń pe èyí ní òwò, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé abiyamọ náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú ẹlòmíràn nílò ẹni tí yóò tọ́jú òun náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá arúgbó ni a ti gbàgbé ìmọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ìkókó a máa dínkù bí ọmọ ti ń dàgbà. Iṣẹ́ arúgbó a máa pọ̀ sí i ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti sọ ọ́ di òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìtọ́jú ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àìní olùtọ́jú fúnra rẹ̀. Ara ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí ni bóyá ó lè máa bá iṣẹ́ náà lọ, àti bóyá ó fẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin oṣù Kejìlá ọdún 2015 fún ẹni tí wọ́n ń pè ní «proche aidant» ní ẹ̀tọ́ láti sinmi. Àpò ìjọba wa kò tó tiwọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í náni lówó, ìpàdé ẹbí sì ti wà láàárín wa tipẹ́.

Kí a pe olùtọ́jú jókòó lọ́tọ̀, nítorí kò rọrùn fún ọmọ láti sọ níwájú bàbá rẹ̀ pé ó ti rẹ òun. Kí a bi í pé: Wákàtí mélòó ni o ń sùn? Ibo ni ó ń dùn ọ́ lára? Èwo nínú iṣẹ́ yìí ni ó ni ọ́ lára jù? Báwo ni o ṣe fẹ́ padà sí ọjà rẹ? Lẹ́yìn náà ni kí a pín ẹrù: ẹni tí yóò sùn ti bàbá ní òru méjì lọ́sẹ̀, ọmọkùnrin tí yóò wá láti Kùtọnu ní ìparí oṣù, owó tí a ó yà sọ́tọ̀ fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe owó oògùn.

Ó lè dáhùn pé: «Mi ò lè ṣe é mọ́.» Ìdáhùn yìí ni a ń bẹ̀rù, òun ni a kò fi ń béèrè. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Lójú tèmi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó sọ fún ẹbí pé agbára òun ti pin kò kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹrù tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí ni ó gbé padà sí àárín ẹbí. Ẹni tó gbọ́, tó sì ní kí ó rọ́jú sí i, òun ni ó kọ ènìyàn méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá pe ilé lálẹ́ òní, ẹ béèrè Bàbá. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: «Ìwọ náà ńkọ́?» Yóò dáhùn pé: «A dúpẹ́.» Ẹ má tíì pa fóònù. Ẹ tún un béèrè.