Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́ Èdè Ẹnìkejì Rẹ̀?

Nígbà tí ènìyàn méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn bá pàdé, ẹrù kan wà nílẹ̀ tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ rù. Yálà kí ọ̀kan nínú wọn kọ́ èdè ẹnìkejì, tàbí kí àwọn méjèèjì wá èdè kẹta tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, tàbí kí wọ́n jókòó de ògbufọ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, níbi tí èdè tí a ń sọ ti ju 500 lọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwé nìkan. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti ilé ìsìn ni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa àǹfààní tí ó wà nínú kíkọ́ èdè àjèjì, wọ́n sì ti sọ ti ìnira rẹ̀. A fẹ́ fi ìbéèrè kan kún un tí a kì í sábà gbọ́: ta ni ó yẹ kí ó ru ẹrù náà?

Bí a bá wo bí ayé ti ń lọ, aláìlágbára ni í máa ń kọ́ èdè alágbára. Ọmọ ọ̀dọ̀ a ti máa gbọ́ èdè ọ̀gá rẹ̀ yékéyéké kí ọ̀gá tó mọ bí a ti ń kí ni ní èdè ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Ẹ̀yà kékeré a gbọ́ èdè ẹ̀yà ńlá tí ó yí i ká, ẹ̀yà ńlá kì í sì í sábà gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń kó ẹrú mú Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lójú òkun ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bí ó bá fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ ọ nítorí pé ibẹ̀ ni ayé gbé e dé. Gbogbo wa ni a mọ rere tí ó fi ìmọ̀ náà ṣe lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀ranyàn mú ni ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn fi ọkàn ara rẹ̀ yàn. Nípa èyí tí a yàn ni a ń sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ìwà ti ń hàn.

Kí a má tan ara wa, ohun tí a yàn náà kò rọrùn. Ìnira àkọ́kọ́ wà nínú ẹnu fúnra rẹ̀. Yorùbá tí ó bá ń kọ́ èdè Hausa yóò rí i pé ẹnu ni wọ́n ń pè ní baki, àwọn àlejò ni wọ́n sì ń pè ní baƙi. Ìró kan ṣoṣo ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kejì a ó sé èémí mọ́ ọ̀fun, a ó sì tú u sílẹ̀ lójijì, ohun tí etí wa kò bá pàdé rí nílé. Ẹni tí kò bá lè ya ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò, ẹnu rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé àlejò ni. Bákan náà, nígbà tí àwa bá ti sọ pé "ó wá," a ti parí ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n Hausa yóò sọ ya zo fún ọkùnrin àti ta zo fún obìnrin, ẹni tí ó bá sì fi ti baálé pe ìyàwó rẹ̀ yóò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ara rẹ̀. Nínú èdè Ìgbò ẹ̀wẹ̀, akwa lè jẹ́ ẹkún, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ ẹyin, ó sì lè jẹ́ ibùsùn, gẹ́gẹ́ bí ohùn bá ti gòkè tàbí tí ó bá sọ̀ kalẹ̀. Àwa tí a ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ nílé kò gbọdọ̀ bá wọn jà nítorí èyí.

Ìnira kejì wà nínú ọkàn, ó sì le ju ti ẹnu lọ. Ẹni tí ń kọ́ èdè ní láti bọ́ agbádá àgbà sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ìlú ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di ẹni tí ọmọ ọdún márùn-ún ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún. Ohun tí ó lè fi èdè rẹ̀ sọ pẹ̀lú òwe àti àkàwé, yóò máa fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára mu sọ ọ́, wọn yóò sì máa wò ó bí ẹni tí kò gbọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń sọ pé orí àwọn ti le jù fún èdè titun. Ní òtítọ́, nígbà púpọ̀ ojú ni kò le gba ìtìjú.

Crowther tún jẹ́ ẹlẹ́rìí fún wa níhìn-ín. Ní 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring tí ó gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè odò Ọya fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ó tó nǹkan bí ẹni 50 ọdún nígbà náà. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti tẹ ìwé lórí èdè Yorùbá láti 1843. Ẹni tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ lè sọ pé èyí tí òun mọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó tún jókòó ti èdè Nupe, tí àwa ń pè ní Tápà, ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè náà sì jáde ní 1864. Kò sí ọ̀gá tí ó lù ú kí ó tó kọ́ ọ. Èyí ni yíyàn.

Ìnira kẹta ni pé iṣẹ́ púpọ̀ lè dà bí asán lọ́jọ́ kan. J. F. Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà pẹ̀lú Crowther nínú ìrìn àjò odò Ọya ní 1841. Ó ti fi aápọn kọ́ Ìgbò ní Freetown lọ́dọ̀ àwọn tí a dá sílẹ̀ kúrò nínú oko ẹrú. Nígbà tí wọ́n dé Aboh, ó rí i pé Ìgbò tí òun kọ́ yàtọ̀ gidigidi sí èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Kò yani lẹ́nu. Ìlú tí ó gba àwọn ẹni ìtúsílẹ̀ láti ibi gbogbo ni Freetown, tó bẹ́ẹ̀ tí Koelle fi rí ọ̀rọ̀ kó jọ níbẹ̀ láti inú èdè tí ó ju 100 lọ fún ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1854. Schön yí ojú sí Hausa, ó tẹ ìwé gírámà rẹ̀ ní 1862 àti ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1876. Kò sì ta Ìgbò nù pátápátá, nítorí pé ó tún tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1861. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí wá ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Èkínní, ìfura a máa dínkù. Àwọn àgbà sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. A lè fi kún un pé ó ní etí, kò fi gbọ́ràn. Nígbà tí a bá jókòó láàrin àwọn tí ń sọ èdè tí a kò gbọ́, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ọkàn wa a sọ fún wa pé àwa ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè náà lè rí i pé ewúrẹ́ tí ó sá wọ ilé ìdáná ni wọ́n ń sọ. Ìjà mélòó ni ì bá má bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò bí ẹnìkan bá gbọ́!

Èkejì, ìdájọ́ wa a di títọ́. Àwa Yorùbá ń sọ "ẹ" fún àgbà, a sì ń sọ "o" fún ọmọdé. Nínú èdè Ìgbò, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń bá ẹni kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọdé ìbáà ṣe arúgbó. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìgbò bá ń kọ́ Yorùbá tí ó sì sọ fún baba arúgbó pé "Ṣé o jí dáadáa?" àwa a pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀wọ̀ tirẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn ni. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti kọ́ Ìgbò, tí ẹnu rẹ̀ sì ti wúwo láti pe àgbà ní "ìwọ," ni yóò mọ èyí, tí yóò sì dárí jì í kí ó tó bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èdè tiwa a di mímọ̀ fún wa. Ẹni tí kò kúrò nílé rí kò mọ̀ pé ilé òun ní òórùn. Yorùbá tí ó bá gbọ́ tí Hausa ń kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pé sannu da aiki yóò rántí "ẹ kú iṣẹ́," yóò sì rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni a ní ìkíni fún òógùn ojú ènìyàn. Yóò tún rí i pé ajẹgbèsè ni wá. Àdúrà, ìwàásù, wòlíì, àlùfáà, àlàáfíà: ọ̀nà àríwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ìsìn Ìmàle sì ni ó gbé wọn wá. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé ní 1884, inú rẹ̀ ni a bá wọn. A kò lè wàásù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí a má yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ta ni yóò wá fi èdè àwọn tí a jẹ ní gbèsè ṣe yẹ̀yẹ́?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ti tó láti so wá pọ̀. A kò kẹ́gàn Gẹ̀ẹ́sì. Ó wúlò ní ọ́fíìsì àti ní ilé ìwé gíga. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru kì í sunkún ní Gẹ̀ẹ́sì bí kò bá jẹ́ èdè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi èdè ọ́fíìsì tu ọlọ́fọ̀ nínú. Àwọn mìíràn yóò sọ pé gbígbọ́ èdè kì í ṣe ìfẹ́, òtítọ́ sì ni. Àwọn tí ń ra ẹrú ní etíkun náà ní ògbufọ̀, gbájú-ẹ̀ a sì máa gbọ́ èdè ẹni tí ó fẹ́ lù ní jìbìtì. Èdè dà bí kọ́kọ́rọ́: olóòótọ́ lè mú un, olè náà lè mú un. Ṣùgbọ́n a kò tìtorí olè ju kọ́kọ́rọ́ ilé nù.

Ìjọba gbìyànjú. Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977 sọ pé, fún ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè, ó yẹ kí a gba ọmọ kọ̀ọ̀kan níyànjú láti kọ́ ọ̀kan nínú Hausa, Ìgbò àti Yorùbá ní àfikún sí èdè abínibí rẹ̀. Láti 1973 ni a sì ti ń rán àwọn àgùnbánirọ̀ lọ sìn ní ìpínlẹ̀ tí ó jìnnà sí ti wọn. Ìmọ̀ràn rere ni méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ń lo ọdún kan gbáko láàrin àwọn ènìyàn kan, wọn a sì padà wálé pẹ̀lú ìkíni méjì àti orúkọ oúnjẹ mẹ́ta. Òfin lè gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kan ilẹ̀kùn.

Èrò tiwa nìyí, nígbà náà. Ẹni tí ó wá bá ènìyàn nílé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́ èdè onílé. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe dókítà, adájọ́, olùkọ́ tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ni ó yẹ kí ó sún mọ́ aláìlágbára, kí ó má dúró kí aláìlágbára máa tiraka bọ̀. Ẹni tí ìwé àti àkókò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ná wọn.

Ṣùgbọ́n onílé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ rántí àwọn ará Gílíádì ní ìwọdò Jọ́dánì, nínú orí kejìlá ìwé Àwọn Onídàájọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Ṣíbólẹ́tì, ni wọ́n fi dán àwọn ará Éfúráímù wò, ẹni tí kò bá sì lè pè é kú. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, nítorí pé àwọn kan wà láàrin àwọn Yorùbá tí kì í pe ṣ bí kò ṣe s, arákùnrin wa sì ni wọ́n. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ṣi ọ̀rọ̀ wa pè, ìwọdò Jọ́dánì ni a wà. A lè fi ẹ̀rín pa á lẹ́nu mọ́ títí láé, a sì lè tún ọ̀rọ̀ náà pè fún un jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, títí yóò fi là á kọjá.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, kò sí ẹni tí a sọ pé kó gbọ́ èdè 500. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà ní àdúgbò yín tí ẹ ti ń pe orúkọ rẹ̀ ní àpètì láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì wí nǹkan kan nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ bi í léèrè bí a ti ń pè é. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.