Ta ni Yóò Bá Ọmọ Náà Lọ?



Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, lẹ́yìn Mísà kejì, ìyá kan dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà sákrísítì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ti pa òfì tí ó ń kọ́ tì, igbó àti kólórádò ni ó sì kù tí ó mọ̀. Ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ó gbé ọwọ́ sókè sí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìyá náà wí pé, “Fádà, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún irú wọn ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n mú un lọ?” Kì í ṣe inú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún mi, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí n kọ ọ́ síhìn-ín láìdárúkọ, nítorí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń sunkún lóru ní Ìṣẹ́yìn yìí.

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo sì ní ìdí tí n kò fi kánjú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìjọ mìíràn tí mo ti ṣiṣẹ́, bàbá kan bi mí ní irú ìbéèrè yìí gan-an. Mo ń yára lọ sí ìpàdé. Mo ní kí ó mú ọmọ náà lọ sí ilé àdúrà kan tí mo gbọ́ òkìkí rẹ̀. N kò dé ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ọmọ náà padà dé, àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò bú mi. Ó kàn wí pé, “Ẹ káàárọ̀, Fádà,” ó sì wo ilẹ̀. Kò wá sí Mísà mọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, n kò sì ní ẹnu láti bi í ní ìdí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan àjèjì ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Òjóò, ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó ènìyàn 259 jáde níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Mùsùlùmí ni ó ni ilé náà, ṣùgbọ́n kí Krístẹ́nì kankan má ṣe tìtorí èyí gbéra ga. Nínú oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìwé jáde lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè wa. Ilé àwọn Krístẹ́nì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ti ìjọba pẹ̀lú kò sì mọ́.

Nínú Ìhìnrere ti Márkù Mímọ́, orí 5, a ka ìtàn ọkùnrin ilẹ̀ Gérásà. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ti gbìyànjú ẹ̀wọ̀n, léraléra ni wọ́n fi dè é, asán ni ó já sí. Nígbà tí Olúwa wa dé, orúkọ ni ó kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí ó sì wò ó sàn tán, tí ọkùnrin náà fẹ́ máa tẹ̀ lé e, ilé ni ó ní kí ó lọ, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí a má mú ọmọ lọ síbi kankan ni? Rárá o. Ìwé Síráákì, orí 38, kọ́ wa pé Ọlọ́run ni ó dá oníṣègùn, a kò sì gbọdọ̀ fi àdúrà ṣe àwáwí láti má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń wí pé òun yóò gba ẹ̀mí ara òun, bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí gìrì bá ń mú un, tàbí bí ó bá ti di ewu fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú ni ó ń lé wa, tí a kàn fẹ́ kí ọmọ náà kúrò lójú àwọn aládùúgbò, ìtìjú tiwa ni ó ń fẹ́ ìwòsàn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni dókítà lè máa tọ́jú láti ilé.

Ní Abẹ́òkúta ni mo rí ẹ̀kọ́ tí ó tù mí nínú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aró tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ ilé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sí abúlé. Ohun kan ni ó béèrè lọ́wọ́ ẹbí: kí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Aláìsàn kò dá nìkan wà. Ìjọ wa pẹ̀lú mọ irú rẹ̀: ní ìlú Geel, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí a ti ń bọlá fún Dímfínà Mímọ́, láti bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni àwọn ará ìlú ti ń gba irú àwọn aláìsàn yìí sínú ilé wọn.

Nítorí náà ni mo fi yí ìbéèrè ìyá wa padà. Mo bi í pé, “Ta ni yóò bá a lọ?” Ibikíbi tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kí ẹ má sì wá wò ó, ẹ mú ọmọ yín padà. Ẹ béèrè dókítà tí ń bẹ níbẹ̀, kí ẹ rí i sójú. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí ẹ bá bá níbẹ̀. Bàbá tí ó ní ọmọ aláìsàn nínú Márkù, orí 9, kò rán ọmọ rẹ̀ sí Jésù. Òun ni ó mú un wá, òun ni Olúwa sì bi léèrè ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà yóò béèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ó lè béèrè pẹ̀lú nípa bàbá tí kò sí nílé, àti nípa pàṣán tí a ti ń lò láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí ọwọ́ òsì nìkan wà.

Ọ̀rọ̀ kan fún ìyókù wa. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n gbé ọmọ kan lọ sí Aró, ẹ má ṣe pè é ní wèrè nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ náà yóò padà wá bá wa gbé.

Ìyá náà ti rí ẹni tí yóò bá ọmọ rẹ̀ lọ: àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ahunṣọ, ó sì ti bẹ ẹlòmíràn kí ó di òfì rẹ̀ mú. Èmi pẹ̀lú yóò bá wọn lọ sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́bọ̀. Nítorí náà, kò ní sí Mísà òwúrọ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò kékeré tàbí ẹní tí kò lò, kí ó gbé e wá sí ilé Fádà kí ọjọ́rú tó parí.